Lẹ́tà Inú Àpótí Baálé

Nígbà tí mo ṣì kéré ní abúlé wa lẹ́bàá Igana, ní apá Pobè, kò sí ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù bí ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láyé àwọn Faransé, ẹni tí kò bá rí ìwé owó orí rẹ̀ fi hàn, wọ́n lè mú un lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Nítorí náà, ìwé tó bá ní òǹtẹ̀ kì í sùn lọ́wọ́ ọmọdé ní agboolé wa. Ọwọ́ baálé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń lọ. Yóò fi aṣọ funfun wé e, yóò sì tì í mọ́ inú àpótí kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìwé tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́.

Mo dàgbà, mo kàwé ní Pobè, mo sì parí lísè, ilé-ìwé girama àwọn Faransé, ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Orílẹ̀-èdè wa, tí à ń pè ní Dàhòmè nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, kò tíì ní yunifásítì tirẹ̀. Àwa àti àwọn ará Tógò la jọ dá ilé-ìwé gíga kan sílẹ̀, wọ́n sì pín in sí ìlú méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì, Àjàṣẹ́ ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè àti ìtàn bíi tèmi, Lomé ni tirẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó mọ èyí. Ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ lọ́dọ̀ wa ni pé yunifásítì ti dé Àjàṣẹ́, ó sì parí síbẹ̀.

Ọjọ́ tí lẹ́tà mi dé, gbogbo agboolé pé jọ. Mo ń kà á, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń lọ. Mo kan dé ibi tí wọ́n ti ní wọ́n gbà mí wọlé ni ariwo sọ. Àwọn ìyàwó ilé bú sí orin, ẹnì kan gbé mi sókè, kí ẹsẹ̀ mi sì tó kanlẹ̀, baálé ti gba lẹ́tà náà, ó ti ń wá aṣọ funfun. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́, mo tọrọ rẹ̀.

“Orúkọ rẹ ti wà lọ́dọ̀ wọn,” ló wí. “Ìwé kì í bá ọmọ rìnrìn àjò.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: èmi tí mo mọ̀wé kò bá a jiyàn. Inú mi ti dùn jù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Pobè, mo gbé àpò gààrí kékeré lé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo dé Àjàṣẹ́, akọ̀wé ilé-ìwé wo ìwé gígùn kan títí, ó ní, “Lomé ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́tà rẹ dà?” Ó ṣàlàyé pé ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò parí ìforúkọsílẹ̀ níbẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá mú lẹ́tà wá, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn.

Mo jókòó lórí àpò gààrí mi. Mo rántí àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó ń ro oko kí n lè kàwé, mo sì dìde. Mo ní n ó dé Lomé, ìbáà ṣe ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn ín.

Mo padà sùn ní Pobè. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé nínú òjò àrọ̀kúrò, lórí ilẹ̀ dúdú wa tó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ bí iyán. Bí àwọn ìyàwó ilé ṣe rí mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé ọjọ́ kan! Ṣé o ti kàwé tán ni?”

Baálé kò rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

“Bàbá, a ò ka lẹ́tà yẹn tán.”

“A ò kà á tán kẹ̀? Ṣebí gbogbo wa la jọ yọ̀?”

“A yọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n a ò kà á tán.”

Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ohun tí n kò rí rí. Ó ṣí àpótí, ó tú aṣọ náà. “Kà á,” ló wí. “Kà á dé ibi tí dúdú ti pin.”

Mo kà á. Lomé wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọjọ́ Ẹtì náà sì wà níbẹ̀.

“Mò ń ti ìwé mọ́lé kí ìjọba má baà mú wa,” ni Baálé wí. “N kò mọ̀ pé ìwé kan wà tó jẹ́ pé bí a bá tì í mọ́lé, ọmọ wa la tì mọ́lé. Gbé e lọ. Ṣùgbọ́n mú un padà.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo dé Sakété, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Ìdílé àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò ló fẹ́ sí, ọkọ̀ akẹ́rù wọn sì ń kó gààrí lọ sí Lomé. Àbúrò ìyá mi wò mí látòkè délẹ̀. “Ìwọ yìí ò kúkú wúwo tó àpò kan. Ó yá, gorí ẹrù!” Ìdájí Ọjọ́bọ̀ la gbéra. Lẹ́nu ààlà Tógò, àwọn aṣọ́bodè rò pé alágbàṣe tó ń já ẹrù ni mí, wọ́n sì jẹ́ kí n kọjá. Òwúrọ̀ Ẹtì ni mo dúró níwájú akọ̀wé ní Lomé, irun mi funfun fún ìyẹ̀fun gààrí, mo ń tú lẹ́tà nínú aṣọ baálé. Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fi pínyà lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé náà, kálukú sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo kàwé tán, mo dá lẹ́tà náà padà fún baálé. Ọ̀dọ̀ mi ni àpótí yẹn wà báyìí. Ọkọ̀ ojú irin Pobè ti di ìtàn, ilé-ìwé gíga sì ti dé Sakété fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin sá kiri fún, orí fóònù ló ń bá àwọn ọmọ yín.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi sáré wọlé. “Bàbá, yunifásítì ti gbà mí wọlé! Sakété níbí!” Ó ti ń ki fóònù bọ àpò. Mo ní kó jókòó.

“Kà á fún mi,” ni mo wí. “Kà á dé ibi tí dúdú ti pin.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kà á. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà. Sakété náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Kí n tó dìde lórí àga, mo ti ń gbọ́ ariwo alùpùpù rẹ̀ lójú ọ̀nà.