Kásẹ́ẹ̀tì Géèmù Tí Mo Fi Ṣe Sàárà

Àgbàlagbà ọkùnrin tó ń wá kásẹ́ẹ̀tì géèmù kiri ìgboro, ẹ bá mi wò ó. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé la ti wà lójú títì, èmi àti ọkọ mi, à ń ti ilé ìtajà òkìrìkà kan bọ́ sí òmíràn. A bẹ̀rẹ̀ ní Hazel Crest níbi tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà, a dé Chatham, a sì kọrí sí àríwá. Gbogbo ibi tá a bá dé ló ti ń kúnlẹ̀ sídìí àwọn rédíò àtijọ́ àti wáyà tó lọ́ pọ̀, tó ń tú wọn bí adìyẹ tó ń tan ilẹ̀. Èmi á káwọ́ sẹ́yìn, màá máa pòṣé.

Kì í ṣe géèmù lásán ló ń wá. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo kú ní Ìbàdàn lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Kò fi fọ́tò kankan sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló fi sílẹ̀, irú èyí tó máa ń tọ́jú ibi téèyàn bá géèmù náà dé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbá a. Ọmọ náà fi ìkánjú tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó fo lẹ́tà kan. Ọkọ mi gbé e wá sí Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún, ní àárọ̀ Iléyá, ká tó lọ kírun Yídì, á tan géèmù náà, á wo orúkọ yẹn, á sì pa á. Kì í gbá a rárá, kó má baà tẹ nǹkan mìíràn lé e. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń kí tẹlifíṣọ̀n kú ọdún.

Èmi ni mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà jáde nílé. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì nígbà yẹn, àáfà tí mo pè ní Ìlọrin sì ní kí n fi ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ilé wa ṣe sàárà. Mo wo góòlù mi, kò ṣeé fi sílẹ̀. Mo wo àwọn léèsì mi, àwọn náà ò ṣeé fi sílẹ̀. Ojú mi wá bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì ọkọ mi. Mo kó òun àtàwọn kásẹ́ẹ̀tì géèmù yòókù tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sínú ọ̀rá funfun tí a fi ń kó ẹrù aláìsàn sí ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo wa mọ́tò lọ gbé e fún ilé ìtajà kan ní Evanston, torí pé ibẹ̀ jìnnà sílé. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo yege. Ọkọ mi rò pé òun lòun ṣèèṣì kó o mọ́ ẹrù tí ọkọ̀ kan wá kó fún àwọn olókìrìkà. Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ bá a wí pé aláìbìkítà ni, ó sì bẹ̀ mí.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," mo sọ fún un bá a ṣe ń sún mọ́ Evanston. "Traffic máa pọ̀, mo sì ní shift lọ́la."

"One more, nọ́ọ̀sì mi. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé a máa rí i."

Ọkàn rẹ̀ ò parọ́. Ilé ìtajà tí mo gbé e fún gan-an la bọ́ sí, bí mo sì ṣe wọlé ni mo rí i nínú àpótí onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí mo fi gbé e wá, orúkọ ọsibítù wa sì wà gàdàgbà lára rẹ̀. Bí ọkọ mi bá rí kásẹ́ẹ̀tì, á rí ọ̀rá. Bó bá rí ọ̀rá, ó rí mi nìyẹn.

Ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ń tú apẹ̀rẹ̀ kan. "Kí ló wà nínú glass yẹn?"

"Watches ni," mo dá a lóhùn. "Watches àti bracelets. Ẹ má ṣèyọnu."

Mo dúró síwájú gíláàsì náà, mo fi kóòtù mi bò ó. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹni tó ti ṣe sàárà kì í gbà á padà. Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ ni mi ò fẹ́ wò.

Bàbá òyìnbó kan tó ti hu ewú nawọ́ kọjá èjìká mi, ó ní kí wọ́n bá òun mú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó bi mí bóyá mo rò pé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní dáadáa ni. Ó ní òun máa kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú wọn rẹ́, kí ọmọọmọ òun lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n ki gbogbo ẹ̀ bọ inú ọ̀rá ilé ìtajà, ó sanwó, ó ń lọ. Ọkọ mi ló di ilẹ̀kùn mú fún un.

Nínú mọ́tò, kò tètè ṣíná. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn gbogbo eléyìí," ó ní. "But you came. Kò sẹ́lòmíì tó máa bá mi wá a. O ṣeun."

Mo ní kò tọ́pẹ́.