Òwú Tíṣà Jókòó-ná

Ọ̀rọ̀ dídùn. Ìyẹn ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ obìnrin ahunṣọ náà. Ọ̀rọ̀ dídùn díẹ̀ nípa ìyá rẹ̀ tó ṣaláìsí, níwájú gbogbo èèyàn, nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìyá náà ti ṣiṣẹ́, lọ́la.

Láti àárọ̀ ni ahunṣọ ti jókòó sí pálọ̀ ìyá rẹ̀, tó ń wá ọ̀rọ̀ náà. Kò rí i. Gbogbo ohun tó ń wá sí i lẹ́nu, ẹ̀sùn ni.

Àwọn ẹlòmíràn rí tiwọn sọ. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò suwọ̀n láàyè. Láti ìgbà ìsìnkú ni àlejò ti ń wọlé, tí wọ́n ń nu ojú: "Ìyá wa ni. Wọ́n gbọ́ tèmi nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́." Ahunṣọ á mi orí, á ní ẹ ṣeun. Nínú ikùn rẹ̀, á ní: ẹ̀yin ni wọ́n gbọ́ tiyín o. Èmi tí mò ń bá wọn gbélé ńkọ́?

Olùkọ́ ìṣirò ni ìyá náà kó tó di olùgbani-nímọ̀ràn. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Fèrèsé kan. Àga méjì. Ọmọ tó jalè, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ọmọ tí ìyá ẹ̀ jáde tí kò padà wálé: ibẹ̀ ni wọ́n ń darí wọn sí. Kì í bá wọn wí. "Jókòó ná" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní Tíṣà Jókòó-ná.

Ó fẹ̀yìn tì, kò fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ti di bàbá ọlọ́mọ ṣì ń wá a wálé. Wọ́n á wọ yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn á tì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ilé ò gbọ́ ọ rí. "Etí mi ni ibojì rẹ̀," ìyá á wí, á sì bu omi mu.

Òwú ńkọ́? Há! Òwú.

Láti kékeré ni ahunṣọ ti ń hun nǹkan. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà. Tó bá ká òwú rẹ̀ roboto, tó gbé e sórí tábìlì, kó yíjú báyìí, ìyá ti gbé e. Nígbà tó bá fi máa rí i padà, ó ti lọ́ pọ̀ bí irun orí wèrè. Pupa ti wọnú búlúù. Ìyá á jókòó sí pálọ̀, ojú ẹ̀ á wà lára tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ ẹ̀ á máa lọ́ òwú.

"Màámi, kí lẹ ń fi òwú mi ṣe?"

"Mo nílò ẹ̀."

"Ẹ ń bà á jẹ́!"

"Mo gbọ́."

Mo gbọ́! Ẹni tí ìjọba ń sanwó fún kó máa báni sọ̀rọ̀.

Èyí tó tún burú jù: nígbà mìíràn, á ju ọ̀kan lé e lẹ́sẹ̀. "Bá mi tú èyí." Ọjọ́ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó jù ú. Ọjọ́ tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ ń sunkún, ìyá ju òwú aláwọ̀ ìyeyè lé e lẹ́sẹ̀. Ahunṣọ pòṣé. "Ẹni tó lọ́ òwú ni kó tú u." Ó wọ yàrá, ó tìlẹ̀kùn.

Ṣé ìyẹn lèèyàn máa sọ ní gbọ̀ngàn?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò wá, ó kúkú dìde, ó ní kí òun gbálẹ̀. Abẹ́ ibùsùn ìyá ló ti rí àpò kan. Ó dà á sílẹ̀. Òwú. Òwú gbogbo ayé rẹ̀, ní lílọ́. Òwú súwẹ́tà tí kò hun parí rí. Inú bí i. Ẹni tó ń fi òwú jẹun kò lè rí irú rẹ̀ kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀, wọlé bá a níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì bára wọn sọ ju "ẹ kú ilé" lọ láti ìgbà àìsàn ìyá, tí ẹ̀gbọ́n jókòó tì í lójoojúmọ́ nílé ìwòsàn, tí àbúrò ò yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe?"

"Ṣé o ò lójú ni? Di orí kan mú."

Ó dì í mú. Ọwọ́ awakọ̀ ò mọ̀ ju ìdarí ọkọ̀ lọ. Ó ń fa ibi tí kò yẹ ní fífà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbá a lọ́wọ́. Búlúù jáde. Pupa jáde. Ojú àwọn méjèèjì wà nílẹ̀. Nígbà tó ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, awakọ̀ ní:

"Mo wá sí ọsibítù yẹn o. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí bí wọ́n ṣe rù. Ẹ̀rù bà mí, mo bá padà."

Ahunṣọ ò gbójú sókè. "Wọ́n ń bèèrè ẹ."

"Mo mọ̀."

"Ojo."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Má fa ibẹ̀ yẹn."

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo òwú ti di roboto roboto, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì. Inú ahunṣọ dùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú.

Ìgbà yẹn ni olùgbani-nímọ̀ràn tuntun kanlẹ̀kùn, ọmọbìnrin tó gba ipò olóògbé nílé-ẹ̀kọ́. Ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Àǹtí, Tíṣà ní tí àwọn ò bá sí mọ́, kí n wá gba àpò òwú." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. Ó káwọ́ lérí. "Ta ló tú u?"

"Èmi ni. O ò ní dúpẹ́ ni?"

"Àǹtí, ẹ ti pa mí! Iṣẹ́ nìyẹn!"

"Iṣẹ́ wo?"

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ọmọ tí wọ́n bá mú wọ yàrá kì í lè sọ̀rọ̀ bí àgbà bá tẹjú mọ́ ọn. Tíṣà á gbé òwú tó lọ́ pọ̀ fún un, á di orí kejì mú. "Bá mi tú èyí." Ojú ọmọ á wà lára òwú. Ọwọ́ á ríṣẹ́ ṣe. Ẹnu á ṣí fúnra rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe sọ tèmi," ni ọmọbìnrin náà wí. "Aláwọ̀ ewé ni tèmi."

Awakọ̀ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo òwú ìyeyè.

"Ṣé ẹnu ń dùn wọ́n ni?" Ahunṣọ figbe ta. "Kí wọ́n wí i! Kí wọ́n ní, ọmọ mi, kí ló ń ṣe ọ́, wá sọ fún mi! Ó wá di dandan kí wọ́n ju òwú lu èèyàn?"

"Tí wọ́n bá ní kí ẹ wá sọ," awakọ̀ bèèrè, "ṣé ẹ máa sọ?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

Kò síbi tí wọ́n fẹ́ gbé e gbà. Wọ́n ní láti tún un lọ́. Iṣẹ́ ńlá! "Ẹ má ta kókó o, Àǹtí. Kókó á mú ọmọ bínú. Kó le díẹ̀, kó sì ṣeé tú." Ahunṣọ lọ́ ọ, ó tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún un lọ́, ó ta kókó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú òwú, kò mọ̀ ọ́n bà jẹ́! Àṣé ìyá kò wo tẹlifíṣọ̀n rí. Ìṣirò ló ń ṣe. Ìyẹn tún bí i nínú. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà, àfi ìyeyè.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ahunṣọ dìde, kò mú ìwé kankan dání. Ó yọ òwú ìyeyè nínú báàgì, lílọ́ tí òun fúnra rẹ̀ lọ́ ọ, ó fi orí kan lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ níjòókòó iwájú.

"Ìyá mi ba òwú mi jẹ́," ó ní.

Ẹ̀rín bú. Ó ń tú u, ó ń sọ. Ó sọ ti súwẹ́tà. Ó sọ ti "mo gbọ́". Ó sọ ti àfẹ́sọ́nà, èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: bó ṣe tìlẹ̀kùn, àti bí ẹsẹ̀ ìyá ṣe wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, tó pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń wo aago. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn rárá. Kò sì sẹ́ni tó dìde kúrò.

Nígbà tó yá, òwú tú tán. Ó nà láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n dé ọwọ́ àbúrò, ó dẹ̀ láàárín.

"Ẹ̀gbọ́n," awakọ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó ti tán. Ẹ jókòó ná."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti sọ tán?"

Ó gba orí òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ padà.