Bí Bàbá Mi Ṣe Sọ Àáké Rẹ̀ Kalẹ̀

Ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà fún mi, níbi tá a ti ń bó ẹ̀gẹ́ tá a fẹ́ fi ṣe pupuru. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tó takú sórí èrò ara rẹ̀ "fàáké kọ́rí".

Ó ní ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ tó jẹ́ pé ohun tó bá ti wí, ó ti wí i náà nìyẹn. Àwọn àgbà pè é kó yí ọ̀rọ̀ padà. Ló bá gbé àáké, ló fi kọ́rí. "Ẹni tó bá fẹ́ kí n yí i padà, kó kọ́kọ́ fi eléyìí gé orí mi." Wọ́n wò ó títí, wọ́n tú ká.

"Ṣé ó wá kú, Ìyá?"

"Ta ni ó pa á, ọkọ mi? Òun ló tún ayé wá, tó di bàbá rẹ yẹn. Tòun ti àáké ni mo bí i. Ìdí tí ìrọbí mi fi pẹ́ nìyẹn."

Ó ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n kò purọ́. Wọ́n ti la ọ̀nà mọ́tò láti Àyèká dé Òkìtìpupa, bàbá mi ní ọ̀nà ẹsẹ̀ inú àbàtà ló yá jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa á ti wọkọ̀ lọ, wọ́n á ti tajà tán, ká tó yọ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Ẹ rí i?" ni bàbá á wí. "A ti dé."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣe wá láǹfààní. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà wa ń bi í pé kí lọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Ó ní, "Ibi tí ìwé bá parí sí ni tèmi máa kà á dé." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ̀yìn ti ọ̀rọ̀ yẹn. Bí àwọn ọmọkùnrin bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹ lọ bá bàbá mi jiyàn."

Ó yege ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó wọlé ni alàgbà ìjọ kan ti Ìrẹ̀lẹ̀ dé, ó ń wá aya fún ọmọ rẹ̀. Ìjà ni mo ń retí. Kí àlejò tó mu omi tán, bàbá ti gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Bàbá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Bóyá ó gbàgbé ni o, bóyá ó díbọ́n ni o, n kò mọ̀ dòní. A ti fara da orí kunkun rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nítorí a rò pé lọ́jọ́ tó bá kàn wá, òun náà ni yóò gbà wá.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ọkọ. Bó bá wá kí wa, á kúnlẹ̀ fún bàbá, á gbé ẹja tó mú wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún la ẹnu bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ara bàbá kò le mọ́, ó rán mi sí i.

"Sọ fún un pé kó tún bi mí ní ohun tó bi mí lọ́jọ́ yẹn."

Mo jíṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, ká ní ìwọ ni, ṣé wàá bi í?