Jìtá Tó Wà Nínú Àwo Kékeré

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Arámọkọ, orin òyìnbó ni àwọn èèyàn fi ń júwe ilé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tó béèrè ilé tíṣà tó ń kọ́ni ní ìṣirò, wọn yóò ní kó máa lọ tààrà, ibi tó bá ti gbọ́ jìtá tó ń ké bí ẹni tí inú ń bí, kó yà síbẹ̀. Bàbá mi ni tíṣà náà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo wa wà nígbà yẹn, láti Àkúrẹ́ sì ni lẹ́tà ti máa ń wá pé kí tíṣà kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti gbé wa dé Ẹ̀fọ̀n, ó gbé wa dé Ìjerò, kí ó tó gbé wa wá sí Arámọkọ. Nígbàkúùgbà tí a bá ń kó, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù wọ ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìkòkò tàbí bẹ́ẹ̀dì.

Orin rọ́ọ̀kì ló fẹ́ràn. Ẹ lè máa rò ó pé kí ni ọmọ àgbẹ̀ oníkòkó, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ń fi orin àwọn òyìnbó onírun gígùn ṣe. Èmi náà bi í léèrè. Ó ní nígbà tí òun wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn, ẹni tó wà ní yàrá kejì sí tòun ló máa ń gbé e sórí ẹ̀rọ, òun á fẹ̀yìn ti ògiri, òun á máa ka iye ohun èlò tó ń dún. Tíṣà ìṣirò ni lóòótọ́.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní nínú ọ̀rọ̀ yìí ni tíṣà kan, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, ọkùnrin gíga kan tí kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń gun alùpùpù rẹ̀ wá, àpò rẹ́kọ́ọ̀dù á sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwo ńlá ni bàbá mi ń rà, àwo kékeré ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rà, ibẹ̀ sì ni gbogbo adùn wọn wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ orin lórí fóònù lè má mọ̀. Orin kan náà lè jáde lọ́nà méjì láyé ìgbà yẹn. Ó lè kọ́kọ́ jáde lórí àwo kékeré, òun nìkan lójú kan, òmíràn lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni yóò tún jáde láàárín orin mìíràn lórí àwo ńlá. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹnu akọrin kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń to ohùn nílé ìgbohùnsílẹ̀ ti tò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lórí àwo kékeré, wọ́n á fún gbogbo ohùn pọ̀ sójú kan bí èrò inú mọ́tò Ìkòrò lọ́jọ́ ọjà, kí ó lè dún ketekete nínú rédíò kékeré. Lórí àwo ńlá, wọ́n á tú wọn ká, àwọn kan á lọ sọ́wọ́ òsì, àwọn kan á lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, bí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe máa ń jókòó ní ìhà méjì tí wọ́n kọjú síra wọn. Bàbá mi ló fi ẹgbẹ́ akọrin yẹn ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti dé, wọ́n á gbé àwo kékeré sórí ẹ̀rọ, wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á wá gbé àwo ńlá tẹ̀ lé e. Wọn kì í sọ̀rọ̀ bí orin bá ń lọ. Bó bá tán, àríyànjiyàn dé. Bàbá mi ní ìwé kan tó ń kọ ohun tó gbọ́ sí. Mo ti kà á ní ìkọ̀kọ̀. "Àwo kékeré: ìlù sún mọ́ni. Orin parí kí jìtá tó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Àwo ńlá: a gbọ́ bí akọrin ṣe mí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kẹta." Ẹ wo àgbàlagbà méjì, oníyàwó, olọ́mọ, tí wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí òyìnbó kan ti mí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu, ó sì máa ń wù mí. N kò tíì rí ẹni tó ń fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Màmá mi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló mú hẹ́dífóònù wọ ilé wa. Ariwo jìtá náà kì í jẹ́ kó rí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máàkì. Ó ní kí àbúrò rẹ̀ bá òun ra èyí tó ń bo etí méjèèjì bọ̀ láti Èkó. Inú bàbá mi dùn ju bí màmá mi ṣe rò lọ, torí ohùn òsì yóò máa wọ etí òsì nìkan, ti ọ̀tún yóò máa wọ etí ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, kò fi sípíkà gbọ́ àwo ńlá mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ló ra àwo ńlá kan, tí orin kan nínú rẹ̀ ń sọ nípa odò tó kún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ní àwo kékeré orin náà. Ní Sátidé, wọ́n gbé ti kékeré sórí ẹ̀rọ. Jìtá méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń dún bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn, èkejì ń fi ohùn tín-ínrín dá akọrin lóhùn. Wọ́n gbé ti ńlá sí i. Bàbá mi gbé hẹ́dífóònù wọ̀, ó gbọ́ ọ dópin, ó mi orí.

"Wọ́n ti yọ jìtá kejì kúrò. Wọ́n ba orin náà jẹ́."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba hẹ́dífóònù, ó gbọ́ ọ. "Jìtá ọ̀hún wà níbẹ̀. Kódà, ó hàn ju ti kékeré lọ."

Bàbá mi tún gbé e wọ̀. "Kò sí níbẹ̀."

"Yọ ọ́, jẹ́ ká fi sípíkà gbọ́ ọ."

"Kí la fẹ́ fi sípíkà ṣe? Ṣé n kò létí ni? Irọ́ lò ń pa, kí n lè dà bí aṣiwèrè lójú ọmọ mi."

N kò gbọ́ kí bàbá mi bá a sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ọkùnrin náà ti àwo rẹ̀ bọ inú àpò, ó kí màmá mi pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. A ń gbọ́ alùpùpù rẹ̀ títí ó fi kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé kejì, kò wá. Ẹ̀kẹta, kò wá. Bàbá mi á jókòó, á kọjú sí ojú ọ̀nà, kò sì ní gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kankan sórí ẹ̀rọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè kan, ó ń máàkì ìwé, ó ní kí n gbé orin odò náà sí i fún òun. Mo gbé e sí i, mo na hẹ́dífóònù sí i. N kò mọ̀ pé mo ti yí i padà, tí èyí tó yẹ kó wà ní òsì wá wà ní ọ̀tún. Òun náà kò wò ó kó tó gbé e wọ̀. Lójijì ló fò dìde.

"Jìtá náà rèé! Ó ti dé! Ṣùgbọ́n akọrin dà?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbọ́ ọ. Akọrin wà níbẹ̀, jìtá wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀. Mo bá yí i sí bó ṣe yẹ, mo dá a padà fún un. Ó ní akọrin ti dé, jìtá ti lọ. Nígbà náà ló jókòó. Òun fúnra rẹ̀ yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó sì ń fi ìka ra ìka lẹ́bàá etí ọ̀tún, lẹ́yìn náà lẹ́bàá etí òsì. Ó pẹ́ níbi ti òsì.

"Má tíì sọ fún ìyá rẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Ní ọjọ́ kẹta, èmi àti bàbá mi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Lọ́rì kan tó kó pákó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wa, lápá òsì, ó ń fun fèrè kíkan-kíkan. Mo rò pé ó ti gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sí títì kí n tó mọ̀ pé kò gbọ́ ọ. Aṣọ rẹ̀ ni mo rí dì mú, àwa méjèèjì sì ṣubú sínú koríko. Awakọ̀ náà bú wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá mi gbọn ekuru kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù mi. Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá mi. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí bàbá mi ti ní kí n má tíì sọ ọ́.

Màmá mi kò pariwo. Nígbà tí bàbá mi dé, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ jáde, ó nà án sí i. "Omi tí mò ń rí lórí èyí, ṣé etí yín ló ti ń jáde?"

"Láti ìgbà tí a ti wà ní Ìjerò ni."

"Láti Ìjerò! Ẹ ò sì lè sọ fún mi?"

"Mo rò pé yóò gbẹ fúnra rẹ̀."

"A ó lọ rí dókítà lọ́la."

Bàbá mi ní òun gbà, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a wọ takisí lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bu omi sí ewébẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó rí wa, ó gbé garawa omi sílẹ̀, kò sì rìn wá pàdé wa.

"Òpùrọ́ ni mo pè ọ́," bàbá mi wí. "O ò purọ́. Jìtá náà wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò gbọ́. Etí mi òsì ti kú."

Ọkùnrin náà rìn yí bàbá mi ká, ó dúró ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ní ohùn jẹ́jẹ́. Bàbá mi ń wo iwájú, kò mọ̀ pé ó sọ̀rọ̀. Èmi gbọ́ ọ. Orúkọ bàbá mi ló pè. Ó wá dì mọ́ ọn, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

Dókítà ní Adó ló darí wa sí Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ bàbá mi ló sì bá àwọn òbí mi lọ. Nǹkan kan ló ń hù nínú etí náà, tó ti ń jẹ egungun. Wọ́n ní bó bá pẹ́ sí i, yóò dé ọpọlọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Etí náà kò gbọ́ràn mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n bàbá mi padà wálé láàyè, ó sì pẹ́ láyé títí ó fi rí àwọn ọmọ mi.

Sátidé àkọ́kọ́ tó lè jókòó ní pálọ̀, alùpùpù yẹn dún lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé páálí kan wọlé. Gbogbo àwo kékeré tó ní ló kó sínú rẹ̀, èyí tó ti ń rà láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Tìrẹ nìyí," ló wí. "Ohun gbogbo wà lójú kan nínú wọn. Etí kan tó wọn."

Bàbá mi wo páálí náà títí. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àwo ńlá rẹ̀ fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tó yẹ kó fetí sí nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Títí wọ́n fi darúgbó ni wọ́n ṣe ń jiyàn, bàbá mi lórí àwo kékeré, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ti ńlá. Bí jìtá kan bá ṣókùnkùn, bàbá mi á bi í pé, "Kí lo gbọ́ ní òsì?" Èkejì á sì sọ ọ́ fún un tinútinú.

Ìlú ti yí padà. Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti sùn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní orin tó pọ̀ ju gbogbo èyí tí tíṣà méjì rí rà láyé wọn, nínú nǹkan tó wọ àpò. Mi ò bá wọn jà. Orin wọn mọ́ gaara, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń họ ọ́. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń gbọ́ tirẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bi ẹnìkejì ní ohun tó gbọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́ lọ́la, mo máa ń rò ó, ta ni yóò bá a jiyàn débi tí yóò fi mọ̀?