Ọwọ́ Òsì Bàbá Abọ́dúndé

Ní àdúgbò Ìdí-Oró ní Mushin, ta ni kò mọ abẹ Abọ́dúndé onígbàjámọ̀? Orí ọmọ ìkókó, orí baálé ilé, bó bá fá a tán, á máa dán gbinrin. Àfi bí ẹ̀gbà ṣe mú un láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọlọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù Ìdí-Àràbà títí ó fi lè dìde jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Ọláolú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ni ọmọ náà bá mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Sùúrùlérè.

Bàbá ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu níbẹ̀. Oúnjẹ nìkan ni kì í jẹ. Wọ́n á gbé e síwájú rẹ̀ nídìí tábìlì tí gbogbo wọn ti ń jẹun, á wò ó, á ní òun ti yó. Bí wọ́n bá ní kí àwọn fi ṣíbí bọ́ ọ, á pa ẹnu dé. Ohun kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ sínú fáìlì rẹ̀ lójoojúmọ́: kò fẹ́ jẹun. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù ú lọ.

Nígbà tó yá, ní ọdún 1973, wọ́n fi Nọ́ọ̀sì Àrínọlá ṣe olórí ibẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Yaba ni, kì í fi epo bọyọ̀. Ó ka fáìlì náà, kò gbà á gbọ́. Ó gbé àga ti Bàbá lọ́sàn-án, ó ń wò ó. Bí òórùn ọbẹ̀ ṣe ta sí Bàbá nímú, ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra, ó dé ẹ̀bá àwo, ó tún sá padà sábẹ́ tábìlì.

Ó rọra bi í léèrè ohun tó dé. Bàbá wá sọ ọ́: ìgbákọ ni ìyá òun fi ń gbá ọwọ́ òsì náà bí òun bá ti nà án sí oúnjẹ. Ṣé ìṣojú àwọn ẹgbẹ́ òun ló wá yẹ kí òun ti máa fi í jẹun? Kí wọ́n sì máa bọ́ òun bí ọmọ ọwọ́, ìyẹn tún burú ju ebi lọ.

"Bàbá," ni Àrínọlá wí, "lọ́dún tó kọjá, ìjọba kó gbogbo mọ́tò láti apá òsì títì lọ sí ọ̀tún, ayé ò sì parẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwa náà kó tiyín láti ọ̀tún wá sí òsì."

Ẹ̀rín pa Bàbá.

Òsì náà ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ṣíbí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e nídìí, bí òun ṣe máa ń wé èèkù abẹ. Àrínọlá tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ àwo kó má baà máa sá kiri, ó sì wá abọ́ tí etí rẹ̀ ga. Ó wá kọ ọ́ sínú fáìlì gàdàgbà-gadagba: "Ọwọ́ òsì ni Bàbá fi ń jẹun. Ẹ má bọ́ ọ. Ṣíbí onírọ́bà, abọ́ elétí gíga, aṣọ tútù lábẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ rírọ̀, ẹran gígé wẹ́wẹ́. Omi díẹ̀díẹ̀, kó má baà pá a lórí." Ó kà á sétí Bàbá. Bàbá ní kó fi ata kún un, pé oúnjẹ rírọ̀ ò ní kó tẹ́. Ó fi kún un.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ síwájú Bàbá bẹ́ẹ̀, tó fi òsì mú ṣíbí, Alhaji Mùktárù, àgbà kan tí wọ́n jọ ń gbé, fajú ro, ó ní irú ìwà wo nìyí. Àrínọlá ti fẹ́ dá a lóhùn, Bàbá ṣíwájú rẹ̀.

"Alhaji, òsì yìí nìkan ló kù tó ń gbọ́ tèmi. Bó bá ń bí yín nínú, ẹ kọjú sí ògiri."

Ó bu oúnjẹ, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán. Alhaji kọjú sí ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó di òpin ọ̀sẹ̀ ọrùn ti ń ro ó, ó yí padà.

Nígbà tí Ọláolú fi dé láti Kàdúná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ti kún. Àrínọlá ti kúrò lórí ti Bàbá nígbà náà, fáìlì Ìyá Àṣàkẹ́ ló ṣí sílẹ̀, ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ fọ́, ó sì ń bi ìyá náà ní apá ibi tó fẹ́ kí ẹran rẹ̀ máa wà nínú abọ́.