Ààwẹ̀ Màmá Mi àti Oúnjẹ Inú Iṣan

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n rò fún yín ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ màmá mi lóṣù ààwẹ̀ tó kọjá.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún màmá. Dókítà ní ohunkóhun ò gbọdọ̀ gba ọ̀fun wọn kọjá, omi pàápàá, títí ibi tí wọ́n rán á fi jiná. Báwo wá ni wọ́n ṣe máa jẹun? Inú iṣan ni. Nọ́ọ̀sì gbé àpò ńlá kan tó funfun bíi mílíìkì kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì, ó ń gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kán sínú ẹ̀jẹ̀ wọn tọ̀sán-tòru.

Àwọn ará àdúgbò wa ní Ọ̀rányàn ò gbà pé oúnjẹ nìyẹn. Ẹni tó bá wá kí wọn á gbé fúláásì ẹ̀kọ mímu dání, èmi ni mo sì ń mu ún. Mo sanra díẹ̀, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo bá màmá nínú òógùn, ọwọ́ wọn tutù, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn. Mo wòkè, àpò ò kán mọ́! Nọ́ọ̀sì sáré wá, ó ní ẹnìkan ti yí nǹkan ara rọ́bà yẹn pa. Ó ní ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀, ó fún wọn ní ṣúgà gba inú iṣan, ojú wọn sì wálẹ̀.

Ta ló yí i pa? Màmá fúnra wọn ni! Wọ́n ní àwọn ti gbààwẹ̀ láti ìdájí, àwọn ò lè jẹun lójú ààwẹ̀. Dókítà bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní àwọn á tún yí i pa lọ́la. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣé bí màmá mi ṣe máa lọ nìyẹn?

Mo bá gba Pópó Yemọja lọ, mo lọ bẹ Áfáà wa wá.

Màmá ní, "Áfáà, ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé, nǹkan kan ò kan ọ̀fun mi. Ṣé ti ààwẹ̀ ló máa wá pa mí?"

Áfáà wo àpò náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ráfíà, oúnjẹ lẹ̀ ń jẹ láti ọjọ́ yìí o. Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹ jẹ ẹ́, tára yín bá le, ẹ ó gba ààwẹ̀ yín padà."

Màmá na ọwọ́ sí rọ́bà náà. "Nọ́ọ̀sì mi, ẹ bá mi wo rọ́bà yẹn, kó má dúró o."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí aláìsàn ò bá gbọ́ ti dókítà, ká tètè wá ẹni tí wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀ lọ. Ta lẹ bẹ̀ fún tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká kà á.

Ara màmá ti le, dókítà sì ti yọ̀ǹda, wọ́n ti ń gbààwẹ̀ wọn padà. Lánàá, bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣínu, wọ́n mu omi kọ́ọ̀pù kan, wọ́n rọra gbé e mì, wọ́n ní, "Ráfíà, omi dùn o." Mo sunkún.