Dókítà Tó Mọ Bàbá Mi

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ni bàtà bàbá mi kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ń bá a tì í. Ó ní, "Fi sílẹ̀, bàtà náà ló súnkì." Mo mọ̀ pé bàtà kì í dédé súnkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí pé ìsinsìnyí ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bà mí, torí ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń rí i pé orí àga ló ń sùn, tí mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Káfíńtà ni bàbá mi, ní Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, òun nìkan ló kù nínú ilé. Èmi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti kàwé. Mo parí àgùnbánirọ̀, mo ríṣẹ́ olùkọ́ nítòsí Takie, mo sì gba yàrá ní àdúgbò Under G. Tí mo bá pè é lórí fóònù tí kò gbé e, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ni mo bá lọ mú un wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni, àmọ́ ìbẹ̀rù tèmi wà nínú rẹ̀ ju bí mo ṣe jẹ́wọ́ lọ.

Ohun tí mi ò rò ni dókítà rẹ̀. Dókítà kan ṣoṣo ló ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Bí dókítà bá béèrè pé, "Báwo ni ara?" bàbá mi á dáhùn bó ṣe máa ń dá gbogbo ayé lóhùn: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ara le." Ó lè ti máa wúkọ́ láti ẹnu géètì o, ara le náà ni.

"Bàbá káfíńtà, mi ò kí yín o," ni dókítà á wí. "Mò ń bi yín ni. Láti ilé dé mọ́ṣáláṣí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dúró mí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan tòótọ́, àbí ẹ̀ẹ̀kan ti káfíńtà tó ní kí oníbàárà wá gbé bẹ́ẹ̀dì lọ́la?"

Bàbá mi á bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọlọ́pàá ni yín, ẹ kì í ṣe dókítà!"

"Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń gbé orí sókè kí ẹ tó lè mí dáadáa sùn?"

"Méjì."

Á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì tún oògùn rẹ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ tí mo ń mú un lọ, a yà dágbére fún dókítà. Ó ní kí a jókòó, kí òun kọ lẹ́tà fún dókítà tí yóò gbà á. Ọkọ̀ tí mo háyà ti ń fọn fèrè níta. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà, n óò padà wá gbà á." Mi ò padà.

Ní ọsibítù tí mo mú un lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tó hùwà burúkú sí wa. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la lọ, dókítà mẹ́rin la rí, èrò sì pọ̀ níta. "Bàbá, ṣé ara ń le?" "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." "Kò sí ìṣòro?" "Kò sí, ọmọ mi." Wọ́n á kọ oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀. Èmi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n óò máa wo ilẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ níwájú àlejò pé bàbá mi kò sọ òótọ́? Ẹ̀kọ́ ilé ni mo pe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, sílípáàsì ló wọ̀ lọ. Dókítà karùn-ún, obìnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Ibẹ̀ jìn wọnú, kò sì tètè kún padà.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Bàbá?"

"Àná."

"Kì í ṣe àná," ni mo wí. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lè dùbúlẹ̀ sùn."

Bàbá mi wò mí. Kò bínú. Ó kàn wò mí bí ẹni pé mo ṣí aṣọ lára rẹ̀ láàárín ọjà. Mi ò tíì bọ́ nínú ìwò yẹn.

Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀, wọ́n ní agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ti dín kù gan-an. Oògùn lè ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kò ní padà sí bó ṣe wà. Mo bi wọ́n bóyá kì bá rí bẹ́ẹ̀ ká ní a tètè wá. Mo gbọ́ ìbéèrè náà lẹ́nu ara mi, ó sì dùn mí dé eegun: a tètè wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la wá.

Mo pe dókítà Ọ̀yọ́. Kò jẹ́ kí n kí i tán. "Ìrọ̀rí mélòó?"

"Kò lo ìrọ̀rí mọ́, sà. Orí àga ni."

"Ṣé wọn ò bi í ni?"

"Wọ́n bi í, sà. Ó ní òun dúpẹ́."

Ẹkún gbà mí. Ó ní, "Má sunkún. Mú un padà wá fún mi. Mi ò lè fi fóònù gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún."

Ibi tí mo há sí nìyí. Ilé wa ní Ọ̀yọ́ ṣófo. Kò sí ẹni tí yóò fún un lóògùn, tí yóò rí i bó bá ṣubú. Lọ́dọ̀ mi níbí, mo lè máa ṣọ́ ọ, àmọ́ kò sí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Dókítà obìnrin yẹn ì bá gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbé dókítà náà fúnra rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ mìíràn. A gbìyànjú láti lọ sí Ọ̀yọ́ kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà, kòtò ojú ọ̀nà gba èémí lẹ́nu rẹ̀ débi pé a ní láti yí padà láàárín ọ̀nà. Mo bi í pé ibo ló wù ú. Ó ní, "Ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn." Mi ò gba ìdáhùn náà gbọ́, mi ò sì mọ ohun tí mo tún lè bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú òbí rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n fi iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí sílẹ̀, kí n bá a padà sí Ọ̀yọ́, láìmọ ohun tí a ó máa jẹ? Àbí kí n dúró síbí, kí n máa bẹ dókítà kan lẹ́yìn òmíràn títí ọ̀kan á fi gbà láti jẹ́ tirẹ̀? Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọsibítù ní kí a padà wá, mi ò sì tíì mọ ọ̀nà tí a máa gbà.